Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Jẹ́ Ṣọlágbadé

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí n tó dárúkọ ara mi. Inú tó ń bí mi yìí, tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀, ó máa tan iná láti Iba dé Okokomaiko fún ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò ní ra epo.

Dàpọ̀ lorúkọ mi. Ní ibi ìwádìí kan ní Igbó-Elérin, èmi ni mò ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn èèyàn. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀jẹ̀ gbà tó mi láti Ọ̀jọ́ títí dé Badagry. Mo lè gba ẹ̀jẹ̀ lára ògiri. Sójà kan tó ti jagun mẹ́ta rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ń wá fèrèsé tó máa bá jáde. Mo bá a tàkúrọ̀sọ díẹ̀, ó sùn lọ. Kó tó jí, túùbù mẹ́rin ti kún, mo ti kọ orúkọ sí wọn lára, mo ti mu gààrí.

Dókítà Tiwaladé, obìnrin Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí, ni ọ̀gá wa. Họ́móònù ni wọ́n ń wádìí. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni pé àwọn nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jíṣẹ́ káàkiri ara. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé òun ló ń gbé èèyàn dìde láàárọ̀, òun ló sì ń mú un dúró tí àìsàn bá kọlù ú. Nǹkan kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín bíi fìlà ló ń ṣe é jáde. Dókítà rí i pé ojú àwọn obìnrin kan ládùúgbò wa ń di roboto bí òṣùpá, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ẹ̀jẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà tó yẹ kí nǹkan tó ń gbéni dìde yẹn pọ̀ jù.

Ohun tó ń ṣe àwọn obìnrin yẹn ní orúkọ. Ó ní ìyá. Ó tún ní gbohùngbohùn.

*

Mi ò ní pe Ṣọlágbadé ní "wọn" nínú ìtàn yìí. Ó tó bàbá mi í bí, àmọ́ ọ̀wọ̀ tó kàn án, mo ti gbé e fún ajá tó ń sùn lẹ́nu géètì wa.

Ẹ̀gbẹ́ títì ní Okokomaiko ló máa ń dúró sí, lábẹ́ agboòrùn pupa kan.

"Èmi Ṣọlágbadé ọmọ Mùsítúrà! Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ ìyá mi! Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀, kó mú un lọ fi ṣe mí!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi orúkọ ìyá ẹ̀ ṣeré. Àwa ń fi tiwa pa mọ́ bí ẹní pa ẹyin mọ́, òun ń jù ú sínú afẹ́fẹ́ lójú títì. Ìyẹn nìkan ti tó kí èèyàn bẹ̀rù ẹ̀.

Àgúnmu ló ń tà, nínú agolo tí wọ́n so òwú dúdú mọ́ lọ́rùn. Nọ́ńbà fóònù ẹ̀ wà lára agolo. Kó tó tà á fún ẹ, á gé irun díẹ̀ ní ìpàkọ́ ẹ, á bi ẹ́ lórúkọ, á bi ẹ́ lórúkọ ìyá ẹ. Á wá tẹ̀ sí ẹ létí, á ní, "Àgúnmu mi ò fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ló máa gbà á."

Kì í ṣe ẹnu lásán. Obìnrin aránṣọ kan ní Iba kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àìkú, orí máṣíìnì ẹ̀ ni wọ́n ti gbé e. Òmíì ṣubú láàárín àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, orin ṣì ń lọ lẹ́nu àwọn yòókù. Igba òkú ni mo gbọ́. Ó dáa, méjì ni mo mọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà, òkú méjì ò tó yín ni?

*

Àǹtí Ìbíyẹmí nìkan ni mo ní láyé. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Abọ́ oníke ni wọ́n ń tà ní ọjà tó wà nínú bárékè Ọ̀jọ́. Sójà ni ọkọ wọn, wọ́n ti gbé e lọ sí òkè Ọya. Orúnkún ló ń dun àǹtí mi tí wọ́n fi ra agolo kan lọ́wọ́ Ṣọlágbadé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń sáré. Kí ló tún kù? Wọ́n ra ìkejì, wọ́n ra ìkẹta, títí ó fi pé oṣù mẹ́jọ.

Ìgbà yẹn lojú wọn wú. Ó di roboto, ó ń dán. Ẹran hù lẹ́yìn ọrùn wọn. Apá wọn gbẹ bí igi, ikùn wọn yọ síwájú. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, wọ́n fa aṣọ kúrò lára ikùn wọn fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ilà pupa, gbọọrọ gbọọrọ, bí ìgbà tí ẹkùn fi èékánná fà á láti inú wá síta. Tí etí abọ́ bá kàn rọra kan apá wọn, ibẹ̀ á dúdú.

"Dàpọ̀, wọ́n ń lù mí."

"Àwọn wo?"

"Mi ò rí wọn rí. Ojú ibi tí wọ́n ti lù mí nìkan ni mò ń rí."

Alángbá kan já láti òrùlé, ó bọ́ sáàárín àwo funfun kan, kò mira mọ́. Àwa méjèèjì ń wò ó.

*

Mo mú wọn lọ sí láàbù lọ́jọ́ kejì. Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Ìgbà tí mo gbé báírò láti kọ orúkọ ni wọ́n gbá ọwọ́ mi mú.

"Kí lò ń kọ yẹn?"

"Orúkọ yín ni, àǹtí mi. Orúkọ ìyá wa náà á wà ńbẹ̀. Bí Dókítà ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn, torí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀."

"Lórí ẹ̀jẹ̀ mi? Dàpọ̀, ṣé orí ẹ pé? Irun mi wà lọ́wọ́ ẹni yẹn, kí ẹ̀jẹ̀ mi tún wá jókòó sínú fíríìjì tòun torúkọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ láàbù ni mí, mi ò gba irú ẹ̀ gbọ́. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu ni o, báírò ò kúrò lójú kan. Ọmọ láàbù ni mí lóòótọ́, àmọ́ ìyá mi ló bí mi, kì í ṣe láàbù.

Ibẹ̀ ni ìwàkiwà ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wo agolo tó wà nínú báàgì wọn. Mo ní, "Ṣebí ó ní kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ mú orúkọ òun lọ?" Mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: *Ṣọlágbadé ọmọ Mùsítúrà.* Mo kọ ọkùnrin. Mo da nọ́ńbà tó wà lára agolo kọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe, kó máa lọ bá Ṣọlágbadé.

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

"Tí wọ́n bá rí nǹkan kan ńbẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á pè yín ni. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nìyẹn."

Ẹ ò rí òmùgọ̀? Nọ́ńbà ta ni wọ́n máa pè?

*

Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ kọjá, kò sí ìpè. Lọ́jọ́ Ajé, ara àǹtí mi balẹ̀, inú wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Wọ́n gbé agolo, wọ́n gba Okokomaiko lọ, mo tẹ̀ lé wọn. Èrò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ká yọ àwọn ọlọ́kadà kúrò.

Wọ́n dúró níwájú agboòrùn pupa, wọ́n da àgúnmu náà sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ṣọlágbadé, ayédèrú! Láàbù ti yẹ̀ mí wò, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí! Ìwọ lò ń ṣe mí! Gba agolo ẹ!"

Ó gbé agolo náà sórí tábìlì jẹ́jẹ́. Ó nu eruku ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ìbíyẹmí ọmọ Felicia."

Ọlọ́kadà kan pa ẹ̀rọ ẹ̀.

"Òní. Ọ̀la. Ọ̀túnla."

Ó gbé gbohùngbohùn kalẹ̀. Àǹtí mi rọ̀ mọ́ apá mi. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n dì mí mú, ọjọ́ yẹn ni ǹ bá ti ki agboòrùn yẹn bọ̀ ọ́ nímú.

*

Ràṣídátù ni obìnrin tó ń gún àgúnmu fún un. Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún mi, lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ parí.

Ó ní ọ̀gá òun wọlé, ó ṣí ìkòkò kan, ó mú irun kan jáde nínú ẹ̀. Ó gbé ọlọ dìde, ó fi irun náà sábẹ́ ẹ̀, ó wá jókòó lé ọlọ náà. Kò jẹun, kò lọ sẹ́yìnkùlé. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí adìyẹ tó sàba, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sà, ẹ̀rù ń bà mí o," Ràṣídátù ní.

"Máa gún nǹkan tó ò ń gún."

*

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ibà gbé àǹtí mi. Wọn ò lè gbé ìdì abọ́ kan sórí tábìlì. Wọ́n ń bì. Mo ní ibà lásán ni, mo ra oògùn ibà fún wọn. Nígbà tí oòrùn mú gan-an, wọ́n dìde jókòó lórí ẹní.

"Dàpọ̀, ta ló kú nínú bárékè?"

"Kò sí o."

"Wọ́n ń fun fèrè òkú sójà. O ò gbọ́ ni?"

Mo tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta nìkan ni mo gbọ́.

Ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ní Okokomaiko, fóònù Ṣọlágbadé dún. Ràṣídátù ní orí ọlọ ló ti gbé e.

"Ẹ káàsán sà. Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlágbadé nìyẹn? Ọmọ Mùsítúrà?"

"Èmi ni. Ta ló ń bèèrè mi?"

"Dókítà Tiwaladé ni, láti Igbó-Elérin. Lórí ẹ̀jẹ̀ yín tó wà lọ́wọ́ wa ni."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Tiyín sà. Ohun tó ń gbé èèyàn dìde ò sí nínú ẹ̀ mọ́, ó ti tán pátápátá. Ó jọ pé oògùn kan lẹ̀ ń lò tó ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jáwọ́ nínú ẹ̀ lójijì. Tí ẹ bá jáwọ́, ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, ẹ lè ṣubú kí ẹ má dìde mọ́. Ẹ tètè máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Ọjọ́ kẹta. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìyẹn, obìnrin tí kò mọ̀ rí ló wá ń sọ ọ́ padà fún un!

Ṣọlágbadé dìde fùú lórí ọlọ. Ó ká apá aṣọ méjèèjì sókè, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ó wo ẹsẹ̀. Ó ní kí Ràṣídátù bá òun wo ẹ̀yìn òun.

"Ta ló gba ẹ̀jẹ̀ mi? Mo ní ta ló gba ẹ̀jẹ̀ mi? Obìnrin yẹn ti dá a padà! Ó ti dá a padà sí mi lára!"

Ó wá já síbi agolo, ó mú ṣíbí. Ràṣídátù ní láti ọjọ́ tóun ti ń bá a ṣiṣẹ́, òun ò rí i kó tọ́ àgúnmu yẹn wò rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó lá agolo kan tán.

*

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹta, aago mẹ́wàá àárọ̀, ó sáré wọ láàbù wa tòun ti agolo lábíyá. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. Mo wà nídìí tábìlì mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara mi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹ wò ó, èmi Dàpọ̀, báírò lásán ni mo fi mú olóògùn tó lágbára jù ní gbogbo Ọ̀jọ́!

"Dókítà, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ mi padà fún mi! Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n sọ, mo máa sọ ọ́!"

"Kí lẹ̀ ń lò, sà?"

"Èyí ni." Ó gbé agolo kalẹ̀. "Egbò pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ oògùn funfun la gún mọ́ ọn. Kóró-kóró. Kẹ́míìsì ni mo ti ń rà á. Wọ́n ní ó ń pa ìrora lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn sanra."

Dókítà ò pariwo. Wọ́n kàn jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Àwọn tó ń jáwọ́ nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ń kú," ó ní. "Mo rò pé agbára mi ni."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lórí ìka. Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú.

Dókítà ti dìde, wọ́n ń wo Ṣọlágbadé láti òkè délẹ̀. Ojú ẹ̀ ò wú, ó rí pẹlẹbẹ bíi pákó. Wọ́n rìn wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n sọ ọ́ wẹ́lẹ́ kó má bàa gbọ́, "Ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe tẹni yìí. Dàpọ̀!"

Mo ti ń pe fóònù àǹtí mi. Ìyá Caleb tó ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwọn ló gbé e. "Dàpọ̀, níbo lo wà? Àǹtí ẹ ti ṣubú o! Wọn ò dáhùn!"

Tí mo bá panu mọ́, iṣẹ́ mi ṣì wà, Ṣọlágbadé á ṣì máa gbọ̀n, èmi á ṣì jẹ́ akọni. Mo fa Dókítà sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣọlágbadé yẹn, mà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ti ju àgúnmu nù láti ọjọ́ Ajé."

Dókítà wò mí. Ìwò yẹn, mi ò ní àbùmọ́ kankan fún un.

*

Wọ́n gbé báàgì oògùn, a wọ mọ́tò wọn, a já sí ojú ọ̀nà Badagry. Ní géètì bárékè, sójà kan nawọ́ dá wa dúró. Òun gan-an ni mo ní ó sùn lọ níjọ́sí. Irọ́ ni mo pa, kò sùn, ṣe ló ké bí ewúrẹ́. Ó rí ojú mi, ó kàn ṣí géètì.

Àárín abọ́ ni àǹtí mi nà sí. Wọ́n funfun. Ẹnu wọn ń mì, ohùn ò jáde. Dókítà so apá wọn, wọ́n wá iṣan, kò sí. Ẹ̀jẹ̀ ti sá wọnú lọ. Wọ́n gbìyànjú apá kejì. Kò sí. Wọ́n wá na abẹ́rẹ́ sí mi.

"Ìwọ tó o máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ògiri, ó yá."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gún wọn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣófo. Mo gún wọn lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣófo. Mo gbọ́ fèrè yẹn. Mo fi ìyá mi búra, mo gbọ́ ọ kedere, ó ń bọ̀ láti ìta. Inú wá bí mi. Ó bí mi sí Ṣọlágbadé, sí kẹ́míìsì tó ń tà á fún un, sí báírò, sí èmi fúnra mi, tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi ò fi gbọ̀n mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ yọ.

Dókítà rọ oògùn náà wọlé, wọ́n so omi kọ́ sára fèrèsé. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju ọdún méje lọ. Lẹ́yìn náà ni àǹtí mi lajú.

"Dàpọ̀. Ta ló fọ́ abọ́ mi?"

*

Dókítà ti yọ mí nídìí ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ìgò ni mò ń fọ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó mọ ìgò fọ̀ tó mi láti Ọ̀jọ́ dé Badagry. Àmọ́ nǹkan kan ṣì kù. Àwọn obìnrin tó kù ńkọ́, àwọn tó ń lo àgúnmu yẹn? Dókítà ò mọ̀ wọ́n. Tí ìròyìn bá lọ pé ayédèrú ni, gbogbo wọn á jù ú nù lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ kẹta ńkọ́?

Ràṣídátù ti sọ fún mi pé ọ̀gá òun máa ń kọ orúkọ mọ́ irun kọ̀ọ̀kan. Mo lọ sí Alaba Rago. Mo bẹ alápatà Háúsá kan, ó bu ẹ̀jẹ̀ àgbò díẹ̀ fún mi sínú túùbù. Mo kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà gàdàgbà: *Ṣọlágbadé ọmọ Mùsítúrà.* Mo gbé e lọ sí Okokomaiko lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ rèé. Gbé gbogbo irun tó wà nínú ìkòkò wá, àti tabẹ́ ọlọ."

Kò bá mi jiyàn. Ìdì irun mẹ́rìnlélógójì ló kó fún mi, pépà kékeré wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ obìnrin àti orúkọ ìyá ẹ̀, àti àdúgbò tó ń gbé. Ó gba túùbù, ó gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun. Wọ́n ní ó ti so ó mọ́rùn báyìí, pé ó ti ń ké bí àgbò. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Dókítà to pépà yẹn sórí tábìlì, wọ́n sì ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti Iba títí dé ẹ̀yìn bárékè, wọ́n ń fún wọn ní oògùn tòótọ́, wọ́n ń dín in kù díẹ̀ díẹ̀. Ogójì ló ti wọlé. Ẹnì kan ti kú ká tó débẹ̀. Mo mọ orúkọ ẹ̀. Mo mọ orúkọ ìyá ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi tíì rọ̀.

Láàárọ̀ àná, àǹtí mi wá fún ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó sì na túùbù sí mi, kí n kọ orúkọ. Mo wo àǹtí mi. Irun wọn wà nínú àpò aṣọ wọn, nínú ìdì kékeré kan.

"Kí n kọ kí ni, àǹtí mi?"

Wọ́n mú báírò lórí tábìlì, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Kọ orúkọ tí wọ́n fún mi. Kọ ti ìyá wa náà. Kó o sì kọ ọ́ kó hàn."

*Ìbíyẹmí ọmọ Felicia.* Ọwọ́ mi gbọ̀n ju ti ọjọ́ abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ mo kọ ọ́.